Ilé Ìyá Fọlákẹ́ ní Uwani

Ọjọ́ kejì tí a sin ìyá ìyá mi ni ìyá mi gba kọ́kọ́rọ́ ilé Uwani, ní Enugu níbí, lọ́wọ́ mi, wọ́n jù ú sínú báàgì wọn, wọ́n ní, "Tí oṣù yìí bá parí, màá ti ilé yìí pa." Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n tún un sọ, wọn ò sunkún, wọn ò gbóhùn sókè. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni.

Kì í ṣe ilé lásán ni. Yàrá márùn-ún ló wà níbẹ̀, àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn ńlá ló ń wọ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìyá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn, wọ́n sì gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ. Ọ̀kan nínú wọn, ará Nsukka, rọra bi mí ní ibi omi pé ṣé kí òun bẹ̀rẹ̀ sí wá ibòmíràn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ ṣe lè fẹ́ ti ilé àánú tí ìyá rẹ̀ fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ pa, ẹ ní láti mọ irú èèyàn tí Màmá, ìyá ìyá mi, jẹ́.

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn o. Àwọn tó ṣe ìwé ètò ìsìnkú ti kọ ọ́: ìlú tí wọ́n bí wọn sí, ilé ìwé tí wọ́n lọ, ọdún tí wọ́n fi ṣe tíṣà. Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́, kò sì sí Màmá kankan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Màmá. Ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Réluwéè nítorí iṣẹ́ akọ̀wé réluwéè tí wọ́n ṣe, ló mú wọn wá sí Enugu lẹ́yìn ogun. Fọlákẹ́ ni àkọ́bí wọn. Bọ́lá, ìyẹn ìyá mi, ló tẹ̀lé e. Fọlákẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ó kú. Jẹjẹrẹ ni, ojú rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa: tí àkọ́bí bá kú, a kì í fi orúkọ rẹ̀ pe ìyá rẹ̀ mọ́, a ò fẹ́ kí egbò náà máa ṣẹ̀jẹ̀. Kíá ni àwọn Yorùbá inú ìjọ wa sọ Ìyá Fọlákẹ́ di Ìyá Bọ́lá, àwọn aládùúgbò Ìgbò náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi jẹ́ Ìyá Bọ́lá.

Ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ àti àwọn òbí wọn, Ẹgbẹ́ Ìrántí Fọlákẹ́ ló máa jẹ́. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Màmá ò jókòó. Wọ́n ní, "Ó ku ẹyọ kan. Láti òní lọ, Ìyá Fọlákẹ́ ni kí ẹ máa pè mí. Ẹni tó bá pè mí ní Ìyá Bọ́lá, mi ò ní dá a lóhùn."

Ìyá àgbà kan ní, "Èèwọ̀!" Ta ló ń fi orúkọ ọmọ tó kú pe ara rẹ̀ nígbà tí ọmọ tó wà láàyè ń mí? Bọ́lá tó wà láàyè náà sì rèé, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n wà, èmi ọmọ ọdún méje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá mi gbé báàgì, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a wọ takisí padà sí ilé wa ní Awkunanaw. Nígbà tí wọ́n ń bọ́ gèlè ni wọ́n tó ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé mo ti kú ni?"

Màmá sì ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ẹ lè pe Ìyá Bọ́lá títí ọ̀fun yín á fi gbẹ. Wọ́n á kàn máa wo òkè, bíi pé ẹnì kan ló ń pè wọ́n lórí òrùlé.

Àrà tí wọ́n máa ń fi etí wọn dá nìyẹn. Nínú ilé, tí ọmọ-ọmọ wọn bá sọ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn, etí náà a di pa. Ní ìta ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì wọn dán, Ìgbò wọn tó èyí tí wọ́n fi ń bá àwọn ọlọ́jà Kenyatta ṣe awuyewuye, Pijin wọn sì le débi pé àwọn ọlọ́kadà ń sá fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé, ó parí. Èmi tí wọ́n bí sí Awkunanaw, Pijin ni mo fi ń ṣeré, òun náà ni mo fi ń lá àlá. Ní ìsinmi ilé ìwé kan, mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ebi ń pa mí. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo pariwo, mo fẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọ́n ju òkúta kan nù nínú ẹ̀wà. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà kó jọ: "Màmá, ebi... ebi pa èmi." Kíá, wọ́n dìde, wọ́n ro ẹ̀bà, wọ́n fi ẹran méjì lé e. Wọ́n ní, "Ẹ̀hẹ́n! Ebi ti pa ọ́ wàyí. Èyí tó ń pa ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ebi òyìnbó ni, mi ò ní oúnjẹ rẹ̀ nílé."

Mo bínú sí wọn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Lónìí, òun ni mo fi lè kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, nítorí náà mo ti dárí jì wọ́n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oúnjẹ àti oògùn ni wọ́n ń fúnni ní Ẹgbẹ́ Ìrántí Fọlákẹ́. Wọ́n ń fúnni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun ni iṣẹ́ wọn gan-an. Màmá máa ń sọ pé gbogbo ayé ló ń gbé nǹkan wá fún ọmọ tó ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìgbà tí ìyá rẹ̀ sùn kẹ́yìn. Wọ́n kó àwọn àgbà obìnrin jọ, Yorùbá àti Ìgbò, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn àti àwọn opó tí kò níṣẹ́ lọ́sàn-án. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àwọn obìnrin wọ̀nyí a lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé láàárọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan a jókòó ti ọmọ kan, ìyá ọmọ náà a sì wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Uwani. Á wẹ̀, á jẹun, á sùn fún wákàtí mẹ́rin. Kò gbọdọ̀ fọ àwo, kò gbọdọ̀ mú ìgbálẹ̀. Èmi fúnra mi rí i tí Màmá já ìgbálẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá kan bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ìyá kan wà, ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ dáadáa. Ó dé, ó wẹ̀, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó la ojú sílẹ̀. Ó ní tí òun bá dijú, ọmọ òun á kú. Màmá ò bá a jiyàn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gun orí ibùsùn náà, wọ́n dùbúlẹ̀ tì í, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí hanrun. Irọ́ pátápátá ni! Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ bí Màmá ṣe ń hanrun tòótọ́, kò dùn bẹ́ẹ̀. Ìyá yẹn wò wọ́n títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún náà di oorun. Màmá yọ ara wọn jẹ́jẹ́, wọ́n jáde wá bá mi. "Oorun ń ranni," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan kọ́kọ́ kó o."

Tí ẹ bá wá rí wọn ní wọ́ọ̀dù, ẹ lè rò pé ìkà ni wọ́n. Àwọn àlejò mìíràn a wọlé tàwọn ti ojú rírọ̀, ndo ti Ìgbò níbí, pẹ̀lẹ́ ti Yorùbá lọ́hùn-ún, wọ́n á máa fọwọ́ pa orí ọmọ tí irun rẹ̀ ti re. Màmá kórìíra rẹ̀. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ta ló da omi sílẹ̀ níbí? Amara, ìwọ ni. Mú àkísà." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Amara, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ omi oògùn sí i lọ́wọ́ kan. Ó fi ọwọ́ náà hàn wọ́n. Màmá ní, "Mo rí i. Ọwọ́ kejì ń ṣe kí ni?" Amara nu omi náà, ó ń kùn, ojú rẹ̀ sì ń tàn. Wọ́n ń bá wọn ta lúdò, wọ́n ń rẹ́ wọn jẹ láìtijú, àwọn ọmọ náà a sì máa pariwo olè lé wọn lórí. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa rọra ṣe, pé ara àwọn ọmọ yìí ò yá. Wọ́n dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò bá wí mọ́, á rò pé òun ti kú."

Amara yìí kan náà ló fi ọkpa, oúnjẹ ẹ̀wà lílọ̀ àwọn Ìgbò, mú wọn. Ogún ọdún ni Màmá fi bú ọkpa, wọ́n ní mọ́ín-mọ́ín tó gbòdo nínú ìdánwò ni. Oògùn wá sọ ẹnu Amara di kíkorò, ó kọ ẹran, ó kọ ẹja, ó kọ ògì, ó ní ọkpa nìkan ni òun lè jẹ, kó sì jẹ́ èyí tó rọ̀ tí kò ta. Ẹ ò bá rí Màmá lọ́jà Kenyatta, wọ́n jókòó lórí àpótí lẹ́sẹ̀ ìyá ọlọ́kpa, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń pò ó bí ọmọ ilé ìwé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó se èyí tó dì. Wọ́n gbé e wá sí wọ́ọ̀dù, Amara jẹ ẹ́ tán, ó ní ti ìyá ọlọ́kpa dùn jù ú lọ. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Mo fi ogún ọdún bú oúnjẹ wọn, ó ti rán ọmọ yìí láti gbẹ̀san."

Ní ti ìjà, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá pásítọ̀ jà, wọ́n bá onílé kejì jà, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń bá jà jù ni àwọn tó ń wá ya fọ́tò. Ẹgbẹ́ kan wá lọ́jọ́ kan, aṣọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, wọ́n gbé páálí oúnjẹ wá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ tò sí iwájú kí orí wọn tó pá lè hàn dáadáa. Màmá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á ti mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ò dáa. Wọ́n kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n kí wọn kú ìnáwó, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn jáde fún obìnrin tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní, "Àwo wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ kọ́kọ́ fọ ìyẹn, kí a ya fọ́tò àwo." Mo fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, obìnrin náà ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó fọ àwo. Títí dòní, ó ń wá ní ọjọ́rú-ọjọ́rú, kò sì ya fọ́tò kankan rí. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní, "Ẹni tó fẹ́ràn wa, ẹ̀yìnkùlé la ti ń mọ̀ ọ́n."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tó yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọn kì í sọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá Réluwéè ni.

Gbogbo ẹbí ló mọ ìtàn náà, bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Dókítà ní kí wọ́n yọ ojú Fọlákẹ́, kí àìsàn náà má baà wọ inú orí, ọmọ náà á sì yè. Bàbá Réluwéè kọ̀. Wọ́n gbé ọmọ kúrò ní ilé ìwòsàn, ọmọ sì kú. Ọmọ ọdún méjì ni ìyá mi nígbà náà, wọn ò rántí ojú ẹ̀gbọ́n wọn, ìtàn yìí nìkan ni wọ́n ní. Orí rẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Nígbà tí Bàbá ń ṣàìsàn ikú, ìyá mi ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn láti Awkunanaw, wọ́n ń gbé e sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n ń padà. Wọn kì í jókòó. Bàbá á ní, "O ṣé, Bọ́lá." Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń sọ. Èmi náà kì í lọ bá wọn ṣeré, nítorí mo ti gbọ́ pé àwọn ló pa àǹtí mi. Wọ́n kú bẹ́ẹ̀, wọn ò gbèjà ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Kosi dé. Ọmọ ọdún méjì ni, ìyá rẹ̀ fi fóònù yà á ní fọ́tò, ojú kan pọ́n, ojú kejì funfun báláú. Jẹjẹrẹ ojú ni. Àwọn dókítà ní kí wọ́n yọ ojú náà kíákíá, pé tí wọ́n bá yọ ọ́ lásìkò, ẹ̀mí ọmọ náà ò ní bá a lọ. Ìyá rẹ̀ gbà. Bàbá rẹ̀, káfíńtà kan láti apá Udi, kò gbà. Ó wá sí Uwani ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó ti di ẹrù wọn, ó ní ilé àdúrà ni òun ń gbé ọmọ òun lọ.

Pálọ̀ ni gbogbo wa wà. Màmá jókòó, ìyá Kosi ń sunkún, Kosi ń fa ìwérí mi. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú fúláàsì ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń bínú sí orúkọ Ìyá Fọlákẹ́ yẹn tó, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá ti bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ti tọ́ka sí àwọn ọmọ tó yè, kò gbọ́. Ó ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ọmọbìnrin olójú kan, ta ni yóò fẹ́ ẹ?"

Màmá gbójú sókè, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà níbi tí ìyá mi wà, wọ́n sì yí ojú padà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà. Ní Ìgbò ni wọ́n sọ ọ́, gbogbo wa ló sì gbọ́ ọ yé.

"Jókòó. Ọ̀rọ̀ tí o sọ yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọkọ mi ti fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n yọ ojú Fọlákẹ́. Èmi ni mi ò gbà. Mo ní ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ọkọ mi lọ sí ibi iṣẹ́ kí ó lọ gba àyè, kó tó padà, mo ti pọn ọmọ mi, mo ti gba ẹ̀yìn ilé ìwòsàn jáde. Mo gbé e dé ilé àdúrà. Mo gbé e dé Abẹ́òkúta. Ìgbà tí mo gbé e padà, ó ti wọ inú orí, wọn ò rí nǹkan kan ṣe mọ́. Àwọn èèyàn mi dé, wọ́n bèèrè ẹni tó gbé ọmọ náà kúrò. Ọkọ mi wo ojú mi, ó ní, 'Èmi ni.' Mo sì dákẹ́. Ó gbé e kú fún mi, mo ṣì dákẹ́." Wọ́n tọ́ka sí Kosi. "O bèèrè ẹni tó máa fẹ́ ẹ. Fọlákẹ́ mi ì bá ti di àgbà obìnrin báyìí. Kó má tilẹ̀ rí ọkọ fẹ́! Kó ṣáà jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn, pẹ̀lú ojú kan, kó máa bá mi jà."

Mo gbọ́ ìró fúláàsì tí ìyá mi gbé kalẹ̀ sórí tábìlì. Nígbà tí mo fi bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti lọ.

Ọkùnrin náà jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Lẹ́yìn náà ó yí sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìwé náà dà?" Wọ́n yọ ojú Kosi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n sì fún un ní oògùn fún oṣù mélòó kan. Ó ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Ojú gíláàsì ló ní, ó máa ń yọ ọ́ láti fi lé àwọn ọmọ tó bá gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, tíṣà rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo bi Màmá pé, "Màmá, ṣé ẹ rí Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó sọ̀rọ̀?" Mo fẹ́ kí wọ́n ní àwọn ò rí wọn. Wọ́n ní, "Mo rí i. Títí ọmọ mi, wọ́n ń gbé ọmọ lọ sí ikú. Mi ò lè ní kí ikú dúró kí Bọ́lá kọ́kọ́ jáde."

Ọdún kan gbáko ni ìyá mi ò bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Ibojì bàbá wọn ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, wọn ò sì gbà kí n bá àwọn jókòó. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé gbogbo àwo oúnjẹ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá ni wọ́n ń kà. Màmá ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sí Awkunanaw ní ọjọ́ Ẹtì gbogbo, wọ́n ń jókòó ní fàràndà, ìyá mi ò ní jáde. Èmi ni mò ń gbé omi fún wọn. Wọ́n á mu omi, wọ́n á ní "Kí Bọ́lá fún mi," wọ́n á lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ìyá mi ti ọjà dé, wọ́n bá ara wọn pàdé lórí àtẹ̀gùn. Màmá, ẹni ọgọ́rin ọdún, di ọwọ́ mú ògiri, wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí.

Ìyá mi figbe ta. "Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?" Wọ́n ju ẹrù nù, wọ́n fà wọ́n sókè. Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ, ègún ni. Màmá ò fẹ́ dìde. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Bàbá rẹ ni, ìwọ lo sì jọ ọ́ jù."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti tún ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ṣókí, ṣé ẹ ti jẹun, ṣé o délé ire. Nígbà tí àìsàn dá Màmá gúnlẹ̀, ìyá mi kó wá sí Uwani, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n sì ń jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi jẹ ẹ́ tán. Mo rò pé ó ti parí. Màmá kú ní ọ̀sán, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ ìyá mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí dé. Mo bẹ ìyá mi, mo ní ṣé nítorí irọ́ àtijọ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ lé àwọn ọmọ aláìsàn jáde. Wọ́n ní, "Ẹ̀bi tí bàbá mi rù ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí, Títí. Orúkọ Fọlákẹ́ wà lára rẹ̀, orúkọ ìyá mi wà lára rẹ̀. Bàbá mi dà? Èmi dà?"

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ìyá mi dé pẹ̀lú àgádágodo tuntun. Àwọn ìyá mẹ́ta náà ti di ẹrù wọn sí pálọ̀, àwọn ọmọ jókòó lé e. Kò sẹ́ni tó bá wọn jà. Ìyẹn gan-an ló le jù, ká ní Màmá wà láàyè, ariwo ì bá ti sọ. Mò ń ti fèrèsé ní yàrá ẹ̀yìn nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń kan géètì.

Obìnrin kan ni, bàtà rẹ̀ kún fún erùpẹ̀ pupa, ó ru ẹrù sórí, ó pọn ọmọbìnrin kan, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú ọmọ náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀nà tó ti wá jìn, ó hàn lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó kí ìyá mi. Ó ní láti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti júwe ọ̀nà fún òun, pé kí òun bèèrè ilé Mama Fọlákẹ́. Ṣé ibí ni?

Ìyá mi dúró pẹ̀lú àgádágodo lọ́wọ́. Wọ́n wo obìnrin náà. Ọmọ náà yọ orí sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ìyá rẹ̀, ó fi ojú kan tó ṣẹ́kù wò wọ́n, kò sẹ́jú.

"Mama Fọlákẹ́ ti kú," ni ìyá mi wí.

Obìnrin náà di géètì mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so, bí ẹni tó ń múra àtipadà sí ọ̀nà tó ti wá.

Ìyá mi na ọwọ́, wọ́n gba ẹrù orí rẹ̀. Wọ́n ní, "Àbúrò Fọlákẹ́ ni mí. Wọlé."